Agolo Bisikíìtì Tí Wọ́n Ṣí Lójú Àna

Kí o tó ka èyí, gbọ́ mi ná. Bí o bá jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ níwájú àgbà, pa ìwé yìí dé. Kò ní yé ọ, wàá kàn bú mi ni. Bó bá sì jẹ́ pé àárín ẹbí lo wà, má kà á sókè. Èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé kẹta ni mo kà mọ. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń tiro, jẹ́ kó máa tiro bọ̀.

Lydia ni orúkọ mi. Ìgbẹ̀ìn ni ilé bàbá mi wà, nínú Abẹ́òkúta níbí. Ọkọ mi àkọ́kọ́ kú lọ́dún tí ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀. Kò fi ọmọ sílẹ̀ fún mi, iṣẹ́ búrẹ́dì ló fi sílẹ̀. Mo kó àwọn agolo ìyanbúrẹ́dì mi padà sọ́dọ̀ bàbá mi, wọ́n sì bá mi mọ ààrò kan sẹ́yìn ilé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní 1947, mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Obìnrin tó bá tó bẹ́ẹ̀ tí kò lọ́kọ, gbogbo ojú ló ń ṣọ́ ọ. Èmi náà ń ṣọ́ wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo gbé búrẹ́dì lọ sí gáréèjì Kútọ̀. Ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àtíbàbà síbẹ̀, ó ń ta tíì àti kọfí gbígbóná fún àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Èkó. Jùbrílù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilé ìmàle kan ní Ìtòkú. Àmọ́ Sójà ni gbogbo gáréèjì ń pè é, nítorí ó bá wọn lọ sí ogun Bọ́mà. Kúkù ló ṣe níbẹ̀.

Ó mú búrẹ́dì mi kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó dúró kó wú padà, ó wá gbé e sí imú.

"Pano," ló wí.

Mo di agbọ̀n mi mú. "Kí lẹ pè mí?"

"Ẹ̀yin kọ́, mà. Búrẹ́dì yín ni mo kí."

"Búrẹ́dì kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé tiwa."

Awakọ̀ kan tó ń mu tíì bú sẹ́rìn-ín. "Màmá oníbúrẹ́dì, ẹ má dá a lóhùn. Ariwo ìbọn ṣì ń dún lórí ẹ̀."

Ṣùgbọ́n mo dúró. N kò mọ ohun tó dá mi dúró. Ó ní nígbà tí òun ń se oúnjẹ fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nílé ìwòsàn kan ní Íńdíà, dókítà kan wà níbẹ̀, ará Pólàńdì. Òun ló kọ́ òun ní èdè kan tó ń jẹ́ Esperanto. Èdè tí kò nílùú. Oníṣègùn ojú kan ló jókòó láyé àtijọ́, tó ṣa ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu oríṣiríṣi ènìyàn bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, kí gbogbo ayé lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí ẹnì kan má sì fi èdè jọba lé ẹnì kejì lórí. Nítorí pé kúkù ni òun, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni dókítà fi bẹ̀rẹ̀ fún òun.

"Pano yìí," ó ní, "ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló ti wá. Àwọn Faransé náà ń pè é, àmọ́ imú ni wọ́n fi ń pè é. Butero, ìyẹn bọ́tà, ti Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ni. Teo, ọ̀nà Ṣáínà ló ti rìn wá. Kafo tí mò ń pò yìí, àwọn Lárúbáwá ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ. Túúkì gbà á lẹ́nu wọn, òyìnbó gbà á lẹ́nu Túúkì."

"Ẹ̀yin náà wá gbà á lẹ́nu òyìnbó."

"Ẹ̀yin sì ti gbà á lẹ́nu mi báyìí, mà."

Mo gbé agbọ̀n mi sórí, mo lọ. Mo ti dé ìdajì ọ̀nà kí n tó rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú. Mo pa ẹnu mi dé.

Láti ọjọ́ yẹn, bó bá fẹ́ búrẹ́dì, ó máa ń kọ iye tó fẹ́ sẹ́yìn páálí sìgá kó tó fi lé mi lọ́wọ́. Lókè páálí, á fi pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé ya ìràwọ̀ kékeré kan, ó ní àmì èdè náà ni. Nísàlẹ̀, á kọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ kan. Bí mo bá dé, á sọ ìtumọ̀ rẹ̀ àti ibi tó ti wá. Sukero, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní súkárì. Salo, iyọ̀. Mielo, oyin. Terpomo, pòtétò òyìnbó; ó ní àwọn Faransé ló ń pe tiwọn ní èso inú ilẹ̀, ni oníṣègùn ojú yẹn bá so ilẹ̀ mọ́ èso. Mo kó àwọn páálí náà sínú agolo bisikíìtì kan lábẹ́ ibùsùn mi. Mo sọ fún ara mi pé nítorí iye búrẹ́dì ni. Irọ́ ni. Bí mo bá ń po ìyẹ̀fun, ẹnu mi á máa lọ: salo, sukero, pano. Bí ẹsẹ̀ bá dún, màá yí i sí orin ìsìn.

Lọ́jọ́ kan mo bi í léèrè. "Sójà, oníṣègùn ojú yẹn, ṣé ó tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa dúdú? Gbogbo ayé ló ṣa ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Kí ló ṣà lẹ́nu tiwa?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo inú ìwé pẹlẹbẹ kan tó máa ń wà nínú àpò rẹ̀, eléèpo àwọ̀ ewé, tí etí rẹ̀ ti gé.

"N kò mọ̀," ló wí. "N ó kọ̀wé sí dókítà."

Oṣù mẹ́rin ni lẹ́tà náà fi lọ Íńdíà tó fi dé. Láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, bí mi ò bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, ara mi á wúwo bí ìyẹ̀fun tí kò wú. Mo bá ara mi wí. Mo ní, Lydia, ìwọ opó, ọmọ olùkọ́ ìjọ, kí lo ń wá lábẹ́ àtíbàbà onítíì? Lọ́jọ́ kejì màá tún gbé agbọ̀n.

Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló wá sídìí ààrò mi. Kò wá rí. Iṣu kan wà lábíyá rẹ̀.

"Ignamo," ló wí, bẹ́ẹ̀ ló sì ń mí gúlegúle bí ẹni sáré. "Orúkọ rẹ̀ nìyẹn nínú èdè náà. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ Faransé. Faransé gbà á lọ́wọ́ Pọtogí. Pọtogí sì gbà á lẹ́nu dúdú, ní etíkun tiwa níbí. Dókítà ní kì í ṣe Yorùbá o, àwọn tó wà lọ́nà ìwọ̀ oòrùn wa ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún jíjẹun ni. Àmọ́ ẹnu dúdú ni." Ó gbé iṣu náà lé mi lọ́wọ́. "A wà níbẹ̀, Lydia. A wà nínú ẹ̀."

Kò pè mí ní màmá. Mo di iṣu náà mọ́ àyà bí ọmọ. Lẹ́yìn náà mo wo ojú fèrèsé bàbá mi.

"Ẹ máa lọ," mo ní. "Wọn á rí yín."

"N ó lọ. Àmọ́ jẹ́ kí n rán ènìyàn wá, kí wọ́n rí mi lójú ọ̀nà tó tọ́."

Mo ní kó rán an.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló rán, Sàfúrátù, aláṣọ òkè tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Òun ni alárenà wa. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, Bàbá Olúbọ̀dé, tó fi ogún ọdún jẹ́ olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà lóko àti nílé.

"Ẹ kúulé o, bàbá. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ra búrẹ́dì ilé yín. Ọwọ́ tó ń yan án la wá rà báyìí."

"Ọmọ mi kì í ṣe ọjà," ni bàbá mi wí.

"Ẹ foríjì mí, ẹnu ló yọ̀. A wá tọrọ rẹ̀ ni."

"Ìmàle ni yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ọlọ́run kan náà ló dá onímàle àti oníbúrẹ́dì."

"Onítíì gáréèjì ni àbúrò rẹ."

"Bàbá mi, awakọ̀ tó gbé bíṣọ́ọ̀bù yín lọ Èkó lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíì ta ló mu kó má baà sùn lójú ọ̀nà?"

Mo wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Bàbá mi lé e. Ó padà wá. Wọ́n tún lé e. Ìgbà kẹta, bàbá mi pè mí jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Lydia, wò mí. Kí obìnrin yìí tó wá, ǹjẹ́ ìwọ àti ọkùnrin yẹn ti ń bára yín sọ̀rọ̀? Nínú ilé mi, alárenà ló ń kọ́kọ́ la ọ̀nà. Bí ẹ bá ti rìn ín kí ó tó là á, n kò ní fọwọ́ sí i."

"Búrẹ́dì nìkan ni, bàbá. Mo gbé e fún un, ó gbà á."

Ó gbà mí gbọ́. Irọ́ mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó jẹ́rìí mi fún gbogbo ẹbí, ó sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wá ṣe ìdána.

Oṣù kejì 1948 ni. Ìlú kò tíì rọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ owó orí àwọn obìnrin. Bí ọlọ́pàá bá rí ìwé tí kò lè kà, ojú tí ènìyàn fi ń wo ejò ló fi ń wò ó. Àwọn ará Ìtòkú dé lọ́sàn-án pẹ̀lú iṣu méjìlélógójì, iyọ̀, oyin, àádùn, obì àti orógbó. Jùbrílù jókòó láàárín wọn, ó wọ agbádá funfun, ó ń nu ọwọ́ sí i bí ẹni ṣì wà nídìí iná. Èmi náà jókòó lórí ẹní, mo da ìborùn bojú díẹ̀.

Bàbá mi gbé iyọ̀ sókè, ó ṣàdúrà pé kí ayé wa má ṣe tẹ́. Salo, ni mo gbọ́ nínú ara mi. Ó gbé oyin. Mielo. Mo gbójú sókè, mo rí i pé Jùbrílù ń wò mí, ètè rẹ̀ mì díẹ̀. Ohun kan náà ló ń sọ. Mo rò pé inú mi á bẹ́ fún ayọ̀. Bàbá mi gbé iṣu.

Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò bàbá mi wọlé, Ọ̀gbẹ́ni Herbert, akọ̀wé tó fẹ́ràn kí àlejò rí i pé a lajú. Ó ti lọ gbé àga nínú yàrá mi. Agolo bisikíìtì mi ló gbé lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ ká fi èyí panu ná," ó ní. "Lydia, o ò tiẹ̀ sọ pé o tọ́jú bisikíìtì!"

Mo na ọwọ́ láti gbà á. Ó ṣí i lójú gbogbo wọn. Páálí sìgá ló kún inú rẹ̀.

Ó mú ọ̀kan, ó fà á jìnnà sójú. "Kí ni ignamo? Kí ni terpomo? Bùrọ̀dá mi, ẹ wá wo nǹkan o! Ìràwọ̀ ló wà lórí gbogbo ẹ̀. Ọfọ̀ nìyí! Wọ́n ti di ọmọ yín síbẹ̀!"

"Ọfọ̀ kẹ̀?" Sàfúrátù dìde. "Ẹni tó bá ti fi oògùn di obìnrin, ṣé yóò tún fọrùn ru iṣu méjìlélógójì gba ojú ọjà?"

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ nígbà náà? Kà á!"

"Èmi ò kàwé. Ẹ bi ẹni tó ni agolo."

Bàbá mi yíjú sí mi, iṣu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lydia, kí ni èyí?"

Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí èyí tí n kò mọ̀ nínú wọn, mo mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Kí n kàn la ẹnu ni. Kí n ní, bàbá, iṣu tí ẹ gbé dání yẹn ni. Àmọ́ bí mo bá ti sọ ìyẹn, wọn á mọ̀ pé ó ti tó ọdún kan tí a ti ń sọ̀rọ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ á jáde. Bàbá mi á mọ̀ pé òun fi ẹnu òun jẹ́rìí èké. Mo wo bàbá. Mo wo Ọ̀gbẹ́ni Herbert. N kò wo Jùbrílù.

"N kò mọ̀ ọ́n," mo wí. "N kò rí i rí."

Ìgbà yẹn ni mo tó wò ó. Kò bínú. Ìyẹn ló burú. Ó wò mí bí ẹni tó ṣí ìkòkò, tó rí i pé oúnjẹ ti jóná, tí kò sì fẹ́ kí àlejò mọ̀.

Ó dìde. "Òótọ́ ló sọ," ló wí fún bàbá mi. "Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo sì dọ́gbọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sínú ilé yín."

"Jùbrílù!" ni Sàfúrátù kígbe.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ti àpò fa ìwé eléèpo àwọ̀ ewé náà yọ, ó gbé e lé orí àwọn páálí. "Ẹ sun ún pọ̀ mọ́ wọn. Kí ọ̀kan má ku."

Iṣu méjìlélógójì ni wọ́n rù padà gba ẹnu ọ̀nà wa lọ́sàn-án gangan, gbogbo àdúgbò jáde wá wò. Bàbá mi ní kí n kó agolo náà sínú ààrò. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kó o. Iná ààrò náà ni mo fi yan búrẹ́dì ọjọ́ kejì, èèyàn rà á, wọ́n jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo dé Kútọ̀, àtíbàbà rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn awakọ̀ ní ó ti lọ sí Owódé, ibẹ̀ ló ti ń se ìrẹsì fún àwọn oníṣòwò oko. Ẹni kan nínú wọn ní, "Màmá, wọ́n ní ó fẹ́ fi nǹkan mú yín. Ẹ kú oríire o." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi. Mo dúpẹ́.

Oṣù mẹ́jọ kọjá bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan bàbá mi ń jẹun, ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀.

"Lydia, búrẹ́dì rẹ kò dùn mọ́. Kí lo ń yọ kúrò nínú ẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀. N kò mọ̀ pé màá kúnlẹ̀. "Pano," mo ní. "Bàbá, ohun tó wà lórí páálí nìyẹn. Búrẹ́dì ni. Iyọ̀ ni. Oyin ni. Iṣu ni." Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti àtàǹpàkò tó fi tẹ búrẹ́dì mi títí dé orí lẹ́tà láti Íńdíà.

Bàbá mi kò pariwo. Ọjọ́ náà ni mo rí i pé ó ti darúgbó. "Orúkọ oúnjẹ," ló ń wí. "Èmi Olúbọ̀dé dáná sun orúkọ oúnjẹ." Ó ti búrẹ́dì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ojú èèyàn lo ti sẹ́ ẹ. Ojú èèyàn náà ni wàá ti lọ jẹ́wọ́. Má lọ bá a ní kọ̀rọ̀."

Mo wọ lọ́rì láti Kútọ̀. Mo gbé iṣu kan lé itan títí a fi dé Owódé. Ọjọ́ ọjà ni. Àwọn tó ń jẹun lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Sàfúrátù wà níbẹ̀, ó wá bá a kí ọjà. Nígbà tó rí mi, ó ní, "Ẹni tí kò mọ nǹkan kan ti dé."

Mo gbé iṣu náà sókè lójú gbogbo wọn.

"Ignamo," mo ní. "Faransé gbà á lọ́wọ́ Pọtogí, Pọtogí gbà á lẹ́nu dúdú. Salo, iyọ̀, ará Róòmù ló ni ín. Sukero, Lárúbáwá. Kafo, Lárúbáwá. Pano..."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹun ní, "Ìyá, ṣé ìwàásù ni, àbí ẹ fẹ́ ra oúnjẹ?"

"Ẹjọ́ ni mo wá rò," mo dáhùn. "Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bi mí. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yìí kò fi oògùn mú mi. Orúkọ oúnjẹ ló fi kọ́ mi, ẹ̀rù ló bà mí."

Sàfúrátù wo àbúrò rẹ̀. Jùbrílù ń ro ìkòkò rẹ̀. Ó rò ó, ó rò ó. Ó wá gba iṣu náà lọ́wọ́ mi.

"Mo gbọ́," ló wí.

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló lọ sí Ìtòkú lọ bẹ àwọn ẹbí rẹ̀. Lẹ́yìn Àjíǹde 1949, a ṣe ìdána lẹ́ẹ̀kejì, kò ju ènìyàn mẹ́wàá lọ. A kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a kò lọ mọ́sáláṣí. Kálukú mú ẹ̀sìn rẹ̀ dání. Sàfúrátù ní iṣẹ́ alárenà ti tán, òun ń yẹ̀ba. Èmi àti Jùbrílù ń gbé ní Òkè-Ìléwó báyìí. Ó ń se oúnjẹ, mò ń yan búrẹ́dì. Kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí. Kò fi ọjọ́ náà bú mi rí. Bí mo bá ń ṣàìsàn, òun ló ń po ìyẹ̀fun mi. Bí ó bá fi àtàǹpàkò tẹ búrẹ́dì mi, ó wú padà, á ní, "Ó dára." Kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tó gbé ìwé rẹ̀ lé orí agolo yẹn, n kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè náà lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Mo dán an wò lánàá. Iṣu tuntun ti dé, mo mú ọ̀kan wá bá a nídìí iná.

"Sójà, kí ni wọ́n ń pe èyí?"

"Iṣu ni."

"Orúkọ rẹ̀ kejì ńkọ́?"

Ó gba iṣu náà lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ́.

"Èyí tí ẹ gbé wá bá mi nídìí ààrò," mo ní. "Èyí tí ẹ sáré tìtorí ẹ̀."

"Bu omi sí ìkòkò."

Mo bu omi. Mo kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Mo ti wo ẹnu ọ̀nà."

Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.

"Mo mọ̀ pé o ti wò ó," ló wí. "Ìgbà gbogbo lo máa ń wò ó."

Ó da iṣu sómi, ó bò ó. Kò pe orúkọ náà.